Ọjọ́ Ẹ̀rín Là Ń Gbin Pèrègún Ààlà

"Lọ́yà? Misturat, kí ni mo jí?"

Bí Kọ́láwọlé ṣe wí nìyẹn, tó fi akoto ọ̀kadà rẹ̀ lu ilẹ̀ ní àgbàlá mi, tí akoto náà yí gbirigbiri lọ bá òkìtì èèpo ẹ̀gẹ́. Àwọn obìnrin tí a jọ ń bó ẹ̀gẹ́ dá ọ̀bẹ dúró. Èmi náà dá tèmi dúró. Ọmọ tó máa ń dọ̀bálẹ̀ kí mi kó tó béèrè oúnjẹ, kò kí mi lọ́jọ́ náà.

"Mi ò sọ pé o jí nǹkan," ni Misturat, ọmọ ọmọ mi, dá a lóhùn. Ó gbé pátákó tuntun kan ti ògiri. "Wo ohun tí wọ́n kọ síbẹ̀ ná."

ẸRÙ DÉ ni wọ́n kọ síbẹ̀ gàdàgbà. Abẹ́ rẹ̀ ṣófo.

"Ẹni tó ń kọ pátákó ní Ṣakí bi mí pé ta ló ni í, kí òun lè kọ orúkọ onítọ̀hún sábẹ́. Mo dúró bí ẹni tí wọ́n bi ní orúkọ bàbá rẹ̀ tí kò mọ̀ ọ́n. Ni mo bá ní kó fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀."

"Èmi àti ìwọ la ni í! Kí ló wá le níbẹ̀?"

"Báwo la ṣe ni í? Tí ọ̀kan nínú wa bá wọ yunifásítì ńkọ́? Tí ẹnì kan bá fẹ́ rà á lọ́wọ́ wa ńkọ́? Ìdí tí mo fi ní ká lọ rí lọ́yà nìyẹn."

Kọ́láwọlé wò ó láti òkè délẹ̀. "Ẹni tó bá ti ń ronú bí a ó ṣe pín nǹkan, ó ti ń pín in lọ nínú ara rẹ̀ nìyẹn." Ó he akoto rẹ̀, ó gbọn èèpo ẹ̀gẹ́ kúrò lára rẹ̀, ó ṣáná sí ọ̀kadà, ó lọ.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí Ẹrù Dé jẹ́, kí ọ̀rọ̀ mi má baà ta kókó. Ìgànná la wà. Ẹ̀gẹ́ là ń gbìn, gààrí là ń yan tà. Ẹ̀gẹ́ kì í sì í dúró de ènìyàn. Tí a bá ti fà á tán, tí mọ́tò kò tètè kó o kúrò lóko, inú rẹ̀ á dúdú, ó di oúnjẹ ewúrẹ́. Bẹ́ẹ̀, mọ́tò á máa kọjá lófìfo ní ọ̀nà kejì, awakọ̀ kò mọ̀ pé ẹrù ń dúró de òun. Nígbà tí Misturat ṣe ìdánwò àṣekágbá tán, ó jókòó ti kọ̀ǹpútà àlòkù kan, ó ṣe ohun tí wọ́n ń pè ní áàpù. Àgbẹ̀ á tẹ fóònù pé òun ní ẹrù, awakọ̀ tó wà nítòsí á rí i, á yà gbé e.

Ṣùgbọ́n áàpù kò lẹ́sẹ̀. Kọ́láwọlé, tí wọ́n jọ wà ní kíláàsì kan náà, ló gun ọ̀kadà wọ gbogbo abà. Òun ló ń bá awakọ̀ sọ̀rọ̀, òun ló ń kọ́ àgbẹ̀ bí wọn ó ṣe tẹ̀ ẹ́, òun náà ló ń gba èébú lẹ́nu àwọn tó ní gbájú-ẹ̀ ni. Ọ̀kan ni ọpọlọ, ọ̀kan ni ẹsẹ̀. Kò sí èyí tó lè dá rìn nínú wọn.

Nígbà tí Tàjúdéènì, ọmọ mi tó bí Misturat, ti oko dé, tó gbọ́, inú rẹ̀ kò dùn. "Misturat, a kì í ti kóòtù bọ̀ ká ṣọ̀rẹ́. Ọmọ tí ẹ jọ ń jẹun nínú àwo kan náà lo fẹ́ kó lọ́yà bá?"

"Bàbá mi, kì í ṣe kóòtù là ń lọ."

"Ta ló ń lọ sọ́dọ̀ lọ́yà tí kò níjà? Ṣé inú tí kò run ènìyàn ni ó ń lo oògùn sí?"

Gbogbo ilé ló rẹ́rìn-ín. Misturat nìkan ni kò rẹ́rìn-ín. Mo ní, "Tàjú, ta ló gbin pèrègún tó wà láàrin oko wa àti oko Ládòkun?"

"Ẹ̀yin náà mọ̀, Ìyá. Bàbá mi àti Bàbá Ládòkun, ọ̀rẹ́ wọn, ni."

"Ìgbà tí wọ́n jà ni?"

"Wọn ò jà rí."

"Ẹ̀n-ẹ́n."

"Ìyá, ẹ ti tún bẹ̀rẹ̀ o," ló wí, ó ń họ orí.

Mo wà níbẹ̀ lọ́jọ́ tí wọ́n gbin pèrègún náà. Ìyàwó tuntun ni mí nígbà yẹn, èmi ni mo ru omi. Àwọn méjèèjì kò tíì kọ ebè kan ṣoṣo lórí ilẹ̀ náà. Ládòkun ń fi ọkọ mi ṣẹ̀fẹ̀ pé ẹsẹ̀ rẹ̀ kúrú, kó má fi wọn ilẹ̀. Ọkọ mi ní ẹsẹ̀ Ládòkun ló gùn jù, pé tó bá fi wọ̀n ọ́n, yóò bá ara rẹ̀ ní Ofiki. Àwọn àgbà tó wá jẹ́rìí rẹ́rìn-ín títí. Ọdún ń gorí ọdún, kajú wá di owó, gbogbo ojú yí sí ilẹ̀. Ní oko àwọn ẹlòmíràn, àdá ni ọmọ ìyá fi ń kí ọmọ ìyá. Ní tiwa, ẹni bá rìn dé ìdí pèrègún á yí padà. Tó bá jẹ́ ọjọ́ ìjà ni wọ́n fẹ́ gbìn ín, ta ni ìbá gbà kí ẹnì kejì òun ri igi bọlẹ̀?

Kọ́láwọlé kò wá sílé wa mọ́. Ẹ̀gẹ́ ń dé, àwọn awakọ̀ ń béèrè rẹ̀. Misturat wá jókòó tì mí lẹ́bàá agbada, ó ní, "Ìyá àgbà, bóyá kí n fi ọ̀rọ̀ lọ́yà yìí sílẹ̀. Lọ́yà pọ̀. Mi ò mọ ibi tí mo ti fẹ́ rí Kọ́lá mìíràn." Mo ń ro gààrí mi lọ. Mo ti sọ ti pèrègún. Èyí tó kù, tirẹ̀ ni.

Ní òwúrọ̀, ó lọ sí ilé ìyá Kọ́láwọlé. Ohun tó sọ fún Kọ́láwọlé níbẹ̀ ni pé, "Ìwọ ni kó o yan lọ́yà náà. Ìwọ ni kó o kọ́kọ́ béèrè ọ̀rọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀. Tí ohun tó bá sọ kò bá tẹ́ ọ lọ́rùn, a ó padà sílé, a ó fi pátákó yẹn dáná gààrí."

Ọmọ náà ronú, ó gbà. Ọmọ́wùmí ló yàn, ọmọ ọmọ Ládòkun, tó ń ṣe lọ́yà ní Ṣakí. Mo rò pé ó lérò pé ọmọ ìlú wa kò ní yọ wọ́n lẹ́nu. Ó ṣìnà.

Wọ́n mú mi dání kí n lè jẹ́rìí. Ọmọ́wùmí kúnlẹ̀ kí mi, "Ẹ kú ọ̀nà, Ìyá Tàjú," ó fún wa lómi, ó wá bẹ̀rẹ̀ sí da ìbéèrè bò wọ́n.

"Tí ọ̀kan nínú yín bá ṣàìsàn, tí kò lè ṣiṣẹ́ fún ìgbà pípẹ́ ńkọ́?"

"Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́!" ni Kọ́láwọlé wí. "Àǹtí, ṣé ẹ̀ ń ṣépè fún wa ni?"

"Àmín sí àdúrà rẹ. Ṣùgbọ́n dá mi lóhùn. Tí ẹnì kan bá sì fi owó tan ọ̀kan nínú yín pé kó ta èkejì dànù ńkọ́?"

Àwọn méjèèjì wo ara wọn, ẹ̀rín pa wọ́n. Kọ́láwọlé ní, "Ta ni yóò ra Misturat? Kò mọ ọbẹ̀ sè!" Misturat fi ìgúnpá gún un níhà. Ìgbà àkọ́kọ́ tí mo tún rí wọn tí wọ́n ń ṣeré nìyẹn.

"Ẹ máa rẹ́rìn-ín," ni Ọmọ́wùmí wí. "Ìgbà tí ẹ ń rẹ́rìn-ín ni mo fẹ́ kí ẹ wá. Tó bá jẹ́ ọjọ́ ìjà lẹ wá, iṣẹ́ mi á pọ̀, owó mi á pọ̀, oore tí mo lè ṣe fún yín á wá kéré."

Ó fi àdéhùn wọn sínú ìwé. Ọgbọọgba ni wọ́n jọ ni Ẹrù Dé. Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ dá a tà, kò sì gbọdọ̀ dá mú àlejò wọ inú rẹ̀. Àìsàn kò lè gba ti ẹnikẹ́ni lọ́wọ́ rẹ̀. Ó tún fi orúkọ Ẹrù Dé sílẹ̀ lọ́dọ̀ ìjọba, kí ẹnikẹ́ni má baà ṣáájú wọn jẹ́ ẹ. Àwọn méjèèjì fọwọ́ sí i. Èmi náà kọ orúkọ mi, Àdìjátù, síbẹ̀, ó wọ́ kọrọkọrọ bí ipa ejò nínú iyanrìn, ṣùgbọ́n ó ṣeé kà. Owó tí wọ́n ń tọ́jú láti fi kọ́ pátákó sójú títì ló bá iṣẹ́ lọ́yà náà lọ. Pátákó padà sára ògiri mi, adìyẹ sọ ọ́ di ibùsùn, àwọn ará àdúgbò sì ń fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́: "Ẹ kú lọ́yà o! Ẹ ò tíì ní pátákó, ẹ ti ní agbẹjọ́rò."

Òjò wá dé. Ní ọ̀nà Òkèhò, ilẹ̀ pupa yẹn yọ̀ bí ilá, ọ̀kadà yọ̀ mọ́ Kọ́láwọlé nídìí, ẹsẹ̀ rẹ̀ kan ṣẹ́. Akoto rẹ̀ là sí méjì, orí rẹ̀ kò ní nǹkan kan. Nígbà tí mo lọ wò ó ní ọsibítù, ìyá rẹ̀ gbé akoto náà hàn mí, ó ń sunkún, ó ń dúpẹ́. Mo ní, "Ìyá Kọ́lá, a kì í dúró kí a ṣubú ká tó dé akoto." N kò mọ̀ pé ọ̀rọ̀ náà ṣì ń bọ̀ wá bá wa nílé.

Ó pẹ́ lórí àkéte. Misturat nìkan ló ń sáré. Àwọn ará Ofiki náà bẹ̀rẹ̀ sí tẹ fóònù, àwọn awakọ̀ ń pọ̀ sí i. Ìgbà yẹn ni ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Cornelius wá láti Ìbàdàn. Iṣẹ́ tirẹ̀ ni pé ó máa ń fi owó ran irú iṣẹ́ báyìí lọ́wọ́, kí òun náà lè jẹ nínú èrè. Mo fún un ní gààrí àti omi tútù, ó mu ún tán, ó ní kí n bu sí i. Kì í ṣe ènìyàn burúkú. Ó kàn mọ owó ni.

"Misturat," ló wí, "ta ló ṣe áàpù yìí gan-an?"

"Èmi ni, sà."

"Kí wá ni iṣẹ́ ẹni tó ṣẹ́ lẹ́sẹ̀ yẹn?"

"Ó... ó máa ń gun ọ̀kadà lọ bá àwọn àgbẹ̀, sà."

"Ọlọ́kadà kò wọ́n ní Ìgànná. Fún un ní owó oògùn, kí èmi àti ìwọ jọ fọwọ́ sí ìwé lónìí. Tí mo bá kúrò níbí, Ìgbẹ́tì ni mò ń lọ. Àwọn kan ń gbìyànjú irú rẹ̀ níbẹ̀."

Misturat dákẹ́. Mo ń yan gààrí lọ́wọ́, ọwọ́ mi dúró lórí agbada. Èmi ni mo bí bàbá rẹ̀, mo mọ ìdákẹ́ ọmọ náà. Èyí kì í ṣe ìdákẹ́ ẹni tó ń bínú. Ìdákẹ́ ẹni tó ń rò ó wò ni. Gààrí bẹ̀rẹ̀ sí rùn, n kò lè rò ó.

Nígbà tó yá, ó mí kanlẹ̀ bí ẹni tó sọ ẹrù kalẹ̀.

"Ọ̀gá, bí mo tilẹ̀ fẹ́, mi ò lè ṣe é. A ti ṣe àdéhùn pé kò sẹ́ni tó lè dá a tà, pé àìsàn kò sì lè yọ ẹnikẹ́ni. Lọ́yà wa ló bá wa ṣe é."

"Lọ́yà? Ẹ̀yin ọmọdé yìí? Ìgbà wo lẹ wá rí lọ́yà?"

"Kí a tó ní ohun tí ẹnikẹ́ni lè torí ẹ̀ bá wa jà, sà."

Mo rò pé yóò dìde lọ. Ó wo Misturat títí, ló bá bú sẹ́rìn-ín tí gààrí fi pá a lórí. "Ọmọ yìí, ibi púpọ̀ ni mò ń dé tí owó wà lápò mi tí mi ò mọ ẹni tí n ó gbé e lé lọ́wọ́, torí àwọn fúnra wọn ò mọ ẹni tó ni nǹkan. Ó dáa. Mú mi lọ síbi tó dùbúlẹ̀ sí, kí n lọ kí ẹnì kejì rẹ. Fún mi ní nọ́ńbà lọ́yà yín pẹ̀lú."

Bẹ́ẹ̀ ló ṣe rí. Ọmọ́wùmí ka ìwé tí Cornelius mú wá, ó ní kí ó yọ àwọn ibì kan kúrò níbẹ̀. Ọkùnrin náà kùn díẹ̀, ó yọ wọ́n, àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sì fọwọ́ sí i.

Lọ́jọ́ tí ó kọ́kọ́ lọ kí Kọ́láwọlé, bó ṣe jáde tán, tó ku èmi àti àwọn ọmọ méjèèjì, Misturat kò kúrò lẹ́bàá àkéte. Ó ní, "Kọ́lá, ó ní kí n yọ ọ́. Mi ò sì tètè sọ pé rárá."

Kọ́láwọlé gbójú sókè wo àjà. "Ó pẹ́ tó báwo kó o tó sọ ọ́?"

"Gààrí Ìyá àgbà jóná."

Mo ti ń wá ọ̀rọ̀ tí n ó fi bẹ Kọ́láwọlé, àfi bó ṣe bẹ̀rẹ̀ sí rẹ́rìn-ín, tí àkéte ń mì. "Ìyá àgbà, ẹ ẹ̀ wá rí nǹkan! Ẹsẹ̀ mi ló ṣẹ́, orúkọ mi ò ṣẹ́." Nígbà tí ẹ̀rín rẹ̀ rọlẹ̀, ó ní, "Ká ní ẹsẹ̀ tìrẹ ló ṣẹ́, Misturat, mi ò mọ̀ bóyá gààrí nìkan ni ìbá jóná. Ó lè jẹ́ gbogbo ilé."

Ọkàn mi balẹ̀ pẹ̀sẹ̀. Ó ti pẹ́ tí mo sùn bí mo ṣe sùn lálẹ́ ọjọ́ náà.

Ẹ̀yin ọmọ mi tí ẹ ń ka èyí, mo mọ̀ pé ẹ̀ ń ṣe ohun kan nínú fóònù àti kọ̀ǹpútà tí ojú tèmi kò tó. Ẹ ṣe é dáadáa. Ṣùgbọ́n kí ẹ tó kọ ebè, ẹ pe ẹni tó mọ ààlà. Lọ́yà kì í ṣe oògùn inú rírun nìkan. Igi gogoro má gún mi lójú, òkèèrè la ti ń wò ó. Bí ẹ bá mú lọ́yà wá ní ọjọ́ ẹ̀rín, kò túmọ̀ sí pé ọ̀rẹ́ yín burú. Yóò ṣọ́ ọ̀rẹ́ yín lọ́wọ́ yín, yóò sì ṣọ́ ẹ̀yin náà lọ́wọ́ ara yín, ní ọjọ́ tí ẹni tó lówó bá dé, tí ọkàn yín bá fẹ́ yẹ̀.

Pátákó náà ti wà ní oríta báyìí. Kọ́láwọlé fi ọ̀pá rìn débẹ̀, ó ní àfi kí òun fi ọwọ́ ara òun kan ìṣó kan. Orúkọ méjèèjì wà lábẹ́ rẹ̀, wọ́n dọ́gba, mo sì lè kà wọ́n fúnra mi. Adìyẹ mi nìkan ni inú rẹ̀ kò dùn. Ó ṣì ń wá ibùsùn rẹ̀ kiri ìdí ògiri.