Gbólóhùn Kan Nípa Agogo Ilé-Ìkàwé

Ní àárọ̀ ọjọ́ Ajé, wọ́n ṣílẹ̀kùn ilé-ìkàwé, wọn kò sì bá agogo ògiri níbẹ̀ mọ́. Ìṣó rẹ̀ lára ògiri àti irin wúwo méjì tó ń mú un rìn nìkan ló kù. Ẹni tó jí agogo ti rọra fi ìwé ìròyìn wé àwọn irin náà, ó sì tò wọ́n sórí tábìlì.

Ọ̀gá ilé-ìkàwé ti dájọ́ kí Inspẹ́kítọ̀ ọlọ́pàá tó jókòó.

"Ọlọ́dẹ wa ni! Ẹ wò ó." Ó na fóònù sí i.

Ìwé-ìmọ̀ orí íńtánẹ́ẹ̀tì ni, èyí tí ẹnikẹ́ni lè kọ nǹkan sí. Ojú-ewé kan wà níbẹ̀ nípa ilé-ìkàwé náà, ó sì sọ pé àwọn ará òkè òkun kan ló ni agogo, pé wọ́n lè wá gbé e nígbàkúgbà.

"Ìwé ìròyìn pàápàá gbé ọ̀rọ̀ yìí jáde lọ́jọ́ Ẹtì," ni ọ̀gá wí. "Àwọn ará òkè òkun yẹn wá, ọlọ́dẹ ṣílẹ̀kùn fún wọn, kò sọ fún mi. Mo ti kọ lẹ́tà ìdádúró rẹ̀. Tó bá di ọ̀sán, kó máa lọ sílé."

"Ọdún mọ́kànlá rèé, sà," ni ọlọ́dẹ ń bẹ Inspẹ́kítọ̀. "Iṣẹ́ yìí ni mo fi ń tọ́ ọmọ. N kò rí àlejò kankan."

Inspẹ́kítọ̀ fẹ́ràn ohunkóhun tó bá ṣeé tú palẹ̀. Ó tẹ ibi tí ìwé-ìmọ̀ náà ń tọ́jú gbogbo àtúnṣe sí, pẹ̀lú ọjọ́ àti wákàtí. Ọjọ́rú ni wọ́n fi gbólóhùn agogo sí i, láìsí ẹ̀rí. Lálẹ́ ọjọ́ Ẹtì, wọ́n fi ìwé ìròyìn ṣe ẹ̀rí rẹ̀.

Ó pe oníròyìn tó kọ ọ́ sínú ìwé ìròyìn. "Níbo lẹ ti rí ọ̀rọ̀ agogo yẹn?"

"Nínú ìwé-ìmọ̀ orí íńtánẹ́ẹ̀tì ni, sà."

"Òun náà ní ọ̀dọ̀ yín lòun ti rí i."

Oníròyìn rẹ́rìn-ín, lẹ́yìn náà kò rẹ́rìn-ín mọ́.

Kó tó di ọ̀sán, Inspẹ́kítọ̀ ti ránṣẹ́ pe Bàbá Alágogo, ẹni ọdún méjìdínlọ́gọ́rin tó ń gun àkàbà lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ láti yí kọ́kọ́rọ́ agogo náà, àti ìyàwó rẹ̀, Ìyá Tíṣà.

"Bàbá, báwo ni olè ṣe máa já agogo yẹn?"

"Á fà á tu ni. Ẹni tó bá mọ̀ ọ́n ló máa kọ́kọ́ tú irin wúwo rẹ̀, kí okùn má baà já."

"Ta ló mọ̀ ọ́n?"

"Èmi ni. Àti ìyàwó mi. Ó ti gbọ́ ọ títí, etí rẹ̀ kún."

Inspẹ́kítọ̀ yíjú sí Ìyá Tíṣà.

"Kí lò ń wò mí sí, ọmọ yìí? Ṣé èmi kọ́ ni mo kọ́ ẹ ní ìṣirò?"

"Ẹ̀yin ni, mà. Ẹ sì ní kí n máa béèrè ibi tí ìdáhùn ti wá. Mo yẹ ojú-ewé yẹn wò látòkè délẹ̀. Òótọ́ ni gbogbo rẹ̀ àfi gbólóhùn kan, ọwọ́ kan náà ló sì kọ gbogbo rẹ̀. Ọwọ́ yẹn mọ̀ pé ẹ̀ẹ̀mẹtàdínlógún ni wọ́n ń yí kọ́kọ́rọ́ agogo. Ọ̀gá ilé-ìkàwé gan-an kò mọ̀ bẹ́ẹ̀. Olè tó fi ìwé ìròyìn wé irin fẹ́ràn agogo yìí. Ọlọ́dẹ sì sọ fún mi pé ẹ̀yin lẹ jáde kẹ́yìn lọ́jọ́ Àbámẹ́ta, pẹ̀lú àpò ìwé tí ẹ kò jẹ́ kó bá yín gbé."

Ìyá Tíṣà mí kanlẹ̀. "Abẹ́ bẹ́ẹ̀dì ló wà. Lóṣù tó kọjá, díẹ̀ ló kù kí Bàbá yìí já bọ́ lórí àkàbà. Mo bẹ̀ ẹ́ títí, kò gbọ́. Mo ní bí kò bá ti sí agogo, kò ní gun nǹkan kan mọ́. Mo kọ gbólóhùn yẹn kí gbogbo èèyàn lè rò pé àwọn tó ni ín ló wá gbé e."

"Abẹ́ bẹ́ẹ̀dì tí mò ń sùn sí?" Bàbá lanu. "Ta ló wá bá ẹ já a?"

"Èmi náà ni."

"Ìwọ gun àkàbà! Pẹ̀lú orúnkún yẹn!"

Gbogbo wọn bú sẹ́rìn-ín, àfi ọlọ́dẹ. Ìyá Tíṣà rí ojú rẹ̀. "N kò rò ó dé ọ̀dọ̀ ẹ rárá," ló wí, ó sì fẹ́ kúnlẹ̀. Ọlọ́dẹ yára gbá a mú.

Ìyá Tíṣà jókòó sídìí kọ̀ǹpútà, ó pa gbólóhùn náà rẹ́. Ìwé-ìmọ̀ béèrè ìdí. Ó tẹ̀ ẹ́ síbẹ̀: *Irọ́ ni. Èmi ni mo kọ ọ́.* Ọ̀gá ilé-ìkàwé fa lẹ́tà ìdádúró ya, ó sì tọrọ gáfárà lọ́wọ́ ọlọ́dẹ.

"Bàbá," ni ọlọ́dẹ wí, "tí a bá ti gbé agogo padà sára ògiri, láti ọ̀sẹ̀ yìí lọ, èmi ni n ó máa gòkè. Ẹ jókòó sísàlẹ̀, kí ẹ máa bú mi."

Bàbá wò ó láti orí dé ẹsẹ̀.

"Bọ́ bàtà yẹn ná," ó ní. "Ó máa yọ̀."