Kọ́kọ́rọ́ Tó Wà Lọ́wọ́ Má-fòyà

Ní ọjọ́ kẹfà oṣù Kẹsàn-án, ọjọ́ Ẹtì, wọ́n jí ọkọ̀ ojú omi oníbúrẹ́dì gbé. Ó ti kó búrẹ́dì àárọ̀ jáde nínú ààrò, ó wá sí èbúté láti gbọ́n omi òjò kúrò nínú ọkọ̀ náà, ó sì bá ìdí òpó tí wọ́n ń so ó mọ́ láìsí ọkọ̀. Ẹ̀wọ̀n irin wà níbẹ̀, wọ́n ká a jọ róbótó. Àgádágodo wà lórí rẹ̀ ní ṣíṣí, kò ní àpá ayùn, kò ní àpá òòlù. Kọ́kọ́rọ́ ni wọ́n fi ṣí i. Kọ́kọ́rọ́ oníbúrẹ́dì sì rèé lọ́rùn rẹ̀.

Bàbá rẹ̀ ló kan ọkọ̀ náà, ní ọdún tí ikọ́ kò jẹ́ kí bàbá náà lè lọ sí ibi iṣẹ́ mọ́. Kì í ṣe ọkọ̀ ẹja, kì í ṣe ọkọ̀ èrò. Ọjọ́ mẹ́fà ni oníbúrẹ́dì fi ń wo iná àti ìyẹ̀fun. Ní ọjọ́ keje, á kó ìyàwó àti àwọn ọmọ sínú ọkọ̀, wọ́n á lọ gba afẹ́fẹ́ lórí ọ̀sà.

Kò pariwo. Ó sọ fún ìyàwó rẹ̀ pé òun ní ìdójútòfò, pé ilé iṣẹ́ adójútòfò á san owó ọkọ̀ náà. Ọ̀rọ̀ náà tù wọ́n nínú títí di ọ̀sán.

Ọkùnrin tó ṣe ìdójútòfò náà fún un ni gbogbo ọlọ́kọ̀ ń pè ní Má-fòyà, nítorí ọ̀rọ̀ tó fi ń kí ènìyàn nìyẹn. Ẹ̀gbọ́n oníbúrẹ́dì, nọ́ọ̀sì kan tó ti fẹ̀yìn tì, ló mú un wọ inú ẹbí. Ọkọ nọ́ọ̀sì ti kú, ó sì fi ọkọ̀ ìgbafẹ́ tirẹ̀ sílẹ̀ fún un. Ní pálọ̀ rẹ̀ ni Má-fòyà ti ṣàlàyé fún tẹ̀gbọ́n-tàbúrò, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, bí olùkọ́. Oríṣi ìdójútòfò kan wà, ó ní, tí kì í san nǹkan kan fún ẹni tó ni ọkọ̀. Bí ọkọ̀ rẹ bá kọlu ti ẹlòmíràn, ti ẹlòmíràn ni wọ́n ń tún ṣe. Òun ló pọ́ọ́kú jù. Oríṣi kejì ń san fún olè, fún iná, fún rírì, ṣùgbọ́n bí ọkọ̀ bá ṣe gbó tó ni wọ́n á wò, ọkọ̀ àtijọ́ á sì di owó igi ìdáná. Ẹ̀kẹta ni ti ọlọ́gbọ́n: ẹ̀yin àti ilé iṣẹ́ á fẹnu kò lónìí lórí iye tí ọkọ̀ tó, iye yẹn náà ni wọ́n á san, ì báà gbó bí àkísà.

Òótọ́ ni gbogbo rẹ̀. Èyí ló dun oníbúrẹ́dì jù nígbà tó yá.

Àwọn méjèèjì mú ẹ̀kẹta. Má-fòyà wá fi kún un pé ẹni tó bá mú ẹ̀kẹta, ilé iṣẹ́ máa ń tọ́jú kọ́kọ́rọ́ kan pamọ́ fún un sínú àpótí irin, nítorí ìjì. Oníbúrẹ́dì tú ọ̀kan nínú méjì tirẹ̀ fún un. Nọ́ọ̀sì wọ yàrá lọ, ó mú ọ̀kan jáde láti inú agolo tí ọkọ rẹ̀ ń kó kọ́kọ́rọ́ sí. Wọ́n sì bu ọwọ́ lu ìwé níbi tí ìka Má-fòyà tọ́ka sí. Oníbúrẹ́dì ní òun á kà á ní ọjọ́ Àìkú.

Ní ọ̀sán ọjọ́ tí wọ́n jí ọkọ̀ náà, ní ilé iṣẹ́ adójútòfò, akọ̀wé yẹ ìwé wò, ó tún un yẹ̀ wò. Oríṣi àkọ́kọ́ ló wà ní orúkọ oníbúrẹ́dì. Kò sí kọ́bọ̀ fún olè. Oníbúrẹ́dì béèrè kọ́kọ́rọ́ rẹ̀. Akọ̀wé wò ó bí ẹni tó wá béèrè bàtà nílé ìwòsàn.

"Kọ́kọ́rọ́ wo? Àwa kì í gba kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni."

Láti ibẹ̀, ilé ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ló gbà lọ. Kò jókòó.

"Àǹtí, ẹ̀yin lẹ mú olè wá sórí àga, ẹ tún po tíì fún un."

Láti ọjọ́ náà, oníbúrẹ́dì ń gba iwájú ilé nọ́ọ̀sì kọjá láìyà, búrẹ́dì tó máa ń fi ránṣẹ́ sí i ní ìdájí kò sì dé mọ́.

Ọ̀gá ọlọ́pàá tí ẹjọ́ náà bọ́ sí lọ́wọ́ jẹ́ obìnrin pẹ́lẹ́ńgẹ́ kan tí kì í gbé ohùn sókè. Ó pe Má-fòyà.

"Kọ́kọ́rọ́ oníbúrẹ́dì dà?"

"Mo ti kó gbogbo kọ́kọ́rọ́ fún ilé iṣẹ́, ọ̀gá. Inú àpótí irin ni wọ́n wà. Láti ìgbà náà, n kò fojú kàn wọ́n."

"Akọ̀wé ní irọ́ ni."

"Akọ̀wé ń dáàbò bo oúnjẹ rẹ̀."

"Ìwé tí oníbúrẹ́dì bu ọwọ́ lù ńkọ́?"

"Ọwọ́ rẹ̀ nìyẹn. Èmi kọ́ ni mo ní kó má kà á."

Ní alẹ́ tí wọ́n jí ọkọ̀ náà, ó wà níbi ìgbéyàwó kan ní ìlú mìíràn. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ló rí i. Ọ̀gá fi í sílẹ̀. Lẹ́yìn náà ẹnì kan ta wọ́n lólobó nípa ọgbà kan lẹ́yìn ọ̀sà tí wọ́n ti ń tú ọkọ̀. Nígbà tí wọ́n débẹ̀, ẹnu ọ̀nà ṣí sílẹ̀, tíì inú ife ṣì lọ́ wọ́ọ́rọ́, kò sí ẹnì kan. Lẹ́búlẹ́bú pákó kún ilẹ̀. Oníbúrẹ́dì, tó bá wọn lọ, bu ẹ̀kúnwọ́ kan, ó wò ó títí. Kò sí bí ènìyàn ṣe lè mọ igi ta ni.

Ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀lé e, Má-fòyà kan ilẹ̀kùn nọ́ọ̀sì. Ó fa ojú ro, ó bá a kẹ́dùn ọ̀rọ̀ àbúrò rẹ̀. Ó ní òun fẹ́ kí ọkọ̀ tirẹ̀ wà láìléwu, òun á bá a pààrọ̀ àgádágodo. Ṣùgbọ́n ìṣòro kékeré kan wà.

"Màmá, kọ́kọ́rọ́ tí ẹ fún wa kì í ṣe ti ọkọ̀."

"Báwo lẹ ṣe mọ̀?"

"Ó wọlé, ṣùgbọ́n kò yí."

Nọ́ọ̀sì rántí kọ́kọ́rọ́ kọ́bọ́ọ̀dù òògùn tó ti wá tì, tó fi di pé ó ní kí wọ́n já ilẹ̀kùn kọ́bọ́ọ̀dù náà: òun ló ṣèèṣì mú fún ọkùnrin yìí. Ó tún rántí ohun tí ọ̀gá ọlọ́pàá sọ fún un pé Má-fòyà wí, pé láti ìgbà tí kọ́kọ́rọ́ ti wọ inú àpótí irin, òun kò fojú kàn wọ́n mọ́.

"Ọjọ́ ogbó dé," ó wí. "Jókòó, ọmọ mi, jẹ́ n wá èyí tó tọ́. Mo ń po tíì bọ̀."

Ní kíṣìnnì, ó pe àbúrò rẹ̀ lórí fóònù. Àbúrò gbé e.

"Má dá mi lóhùn. Má-fòyà wà ní pálọ̀ mi. Ó ti ki kọ́kọ́rọ́ mi bọ ẹnu àgádágodo. Pe ọ̀gá ọlọ́pàá, kí o sì lọ yọ pọ́lọ́ọ̀gì ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ mi, kó má lè ṣiṣẹ́."

Ó po tíì náà, ó fi ṣúgà sí i, ó bi àlejò léèrè nípa ìyá rẹ̀. Nígbà tó rò pé àkókò ti tó, ó fi kọ́kọ́rọ́ tòótọ́ lé e lọ́wọ́. Ọwọ́ tó fi fún un, ọwọ́ tó ti fún ọmọ tó ń jà lábẹ́rẹ́ rí ni.

Ní ìrọ̀lẹ́, òjò ń ṣẹ́ winniwinni, èbúté dá páropáro. Má-fòyà dé pẹ̀lú ẹ̀wù òjò àti kẹ́ẹ̀gì epo. Ó ṣí àgádágodo, ó ká ẹ̀wọ̀n jọ róbótó. Láti ẹ̀yìn ahéré kan létí omi, oníbúrẹ́dì rí ọwọ́ tó ń ká a, ó fẹ́ fò jáde, ọ̀gá ọlọ́pàá fi ọwọ́ tẹ èjìká rẹ̀. Má-fòyà fa okùn ẹ́ńjìnnì. Ẹ́ńjìnnì ò dáhùn. Ó tún un fà. Ó gbójú sókè, ó rí aṣọ ọlọ́pàá. Ó fi àjẹ̀ ti ọkọ̀ kúrò létí èbúté, ó ń tu ú kíkankíkan. Ọkọ̀ ọlọ́pàá yọ sí i níwájú. Ló bá bẹ́ sómi.

Ẹ̀wù òjò fà á wálẹ̀. Orí rẹ̀ yọ, ó rì, ó tún yọ. Oníbúrẹ́dì ló ju okùn sí i.

"Dì í mú! Bí o bá kú, ta ni yóò sọ ibi tí ọkọ̀ mi wà?"

Ní àgọ́ ọlọ́pàá, omi ń ro láti ara Má-fòyà, ó jẹ́wọ́. Òun ló ń tọ́ka ọkọ̀ fún àwọn olè, òun ló ń pèsè kọ́kọ́rọ́. Ní alẹ́ ìgbéyàwó, àwọn ló lọ, wọ́n sì ká ẹ̀wọ̀n jọ bí òun ṣe kọ́ wọn; nígbà tí ọlọ́pàá lé wọn, òun wá fúnra òun. Ọ̀gá bi í léèrè ìdí tó fi jẹ́ oríṣi àkọ́kọ́ ló ń fi sí ìwé gbogbo wọn.

"Bí wọ́n bá jí ọkọ̀ tó ní ìdójútòfò olè, ilé iṣẹ́ á rán olùwádìí. Èyí tí kò bá ní, ẹni tó ni ín á sunkún, á dákẹ́."

"Ti oníbúrẹ́dì dà?"

"A ti rẹ́ ẹ. Ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ló ní oníbàárà. Igi rẹ̀ ti gbó jù."

Wọ́n rí ìdì kọ́kọ́rọ́ kan lábẹ́ ibùsùn rẹ̀. Àwọn ọlọ́kọ̀ wá mú tiwọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Ẹlòmíràn ń rẹ́rìn-ín, ẹlòmíràn di tirẹ̀ mọ́wọ́ bí ẹni tó rí ọmọ tó sọnù. Nọ́ọ̀sì mú kọ́kọ́rọ́ kọ́bọ́ọ̀dù tí kò ní ilẹ̀kùn mọ́.

Ní ìdájí ọjọ́ kejì, ẹnì kan kan ilẹ̀kùn rẹ̀. Àbúrò rẹ̀ ni, òun fúnra rẹ̀, pẹ̀lú búrẹ́dì tó ṣì gbóná. Ó dọ̀bálẹ̀, ẹ̀gbọ́n gbé e dìde, wọ́n jọ bu búrẹ́dì náà jẹ.

Ẹ́ńjìnnì nìkan ni wọ́n rí gbà padà. Ọkọ̀ tí bàbá wọn kàn, àwọn olè ti fi igi rẹ̀ dáná.