Ọwọ́ Tó Wà Lára Ilẹ̀kùn Awakọ̀

Ẹ̀gbọ́n Àdàbà ló kọ́kọ́ rí i. Ó ń ká aṣọ tí wọ́n fi bo ọkọ̀ náà kúrò díẹ̀díẹ̀, omi òjò àná ṣì ń kán láti orí páànù, nígbà tó dé iwájú ilẹ̀kùn awakọ̀ tó sì dúró gbagidi. Kò pariwo. Ó kàn fi ìka pe àbúrò rẹ̀ pé kó wá.

Àdàbà wò ó. Ọwọ́ ni. Àtẹ́lẹwọ́ àti ìka rẹ̀ pé pérépéré lórí ọ̀dà pupa tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ kùn, tó ń dán bíi dígí. Kì í ṣe pé ẹnìkan fi ọwọ́ ìdọ̀tí kàn án, nítorí wọ́n fi aṣọ nù ún, kò nù. Abẹ́ ọ̀dà ló ti wá. Ìléròrò wẹ́wẹ́ ló tò jọ ní ìrí ọwọ́, tó wú síta, àfi bí ẹni pé ẹnìkan jókòó sínú ọkọ̀ òfìfo náà tó ń ti ilẹ̀kùn láti inú wá.

"Ta ló wà níbẹ̀?" ni ẹ̀gbọ́n rẹ̀ bi ọkọ̀ náà, bí ẹni ń ṣàwàdà. Ṣùgbọ́n ohùn rẹ̀ kò ṣàwàdà.

Àdàbà ki ọwọ́ tirẹ̀ méjèèjì bọ àpò. Wọ́n ti rin gbindin.

Àdàbà kì í ṣe orúkọ rẹ̀. Bàbá rẹ̀ ló sọ ọ́ bẹ́ẹ̀, nítorí bó bá wọlé, ẹ ò ní mọ̀. Bó bá jáde, ẹ ò ní mọ̀. Ní iléèwé, orúkọ mìíràn ni wọ́n fún un: Ọlọ́wọ́-omi. Àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ kì í gbẹ. Bó bá ń kọ̀wé, ìwé á rin. Bí wọ́n bá ní kí àwọn ọmọ di ara wọn lọ́wọ́ mú, àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ á máa sún sẹ́yìn, wọ́n á ní òjò ti tún ṣú. Ìdí nìyẹn tó fi fẹ́ràn ibi iṣẹ́ bàbá rẹ̀. Níbẹ̀, gbogbo èèyàn ló ń wọ ìbọ̀wọ́.

Bàbá rẹ̀ ni pẹ́ńtà tó ń kun ọkọ̀ ní ìparí àdúgbò wọn, ọkọ̀ àtijọ́ ló sì mọ̀ ọ́n tọ́jú jù. Èyí tó wà nílẹ̀ yìí jẹ́ ti Màmá Agbẹ̀bí, opó kan tó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ ìgbẹ̀bí, tí ojú rẹ̀ ti ń ṣú díẹ̀díẹ̀. Ọkọ rẹ̀ tó jẹ́ tíṣà ló fi ọkọ̀ náà sílẹ̀ lọ. Funfun ni tẹ́lẹ̀, ṣùgbọ́n ọ̀dà rẹ̀ ti ń ṣí bí èèpo igi, abẹ́ ilẹ̀kùn sì ti dógùn-ún. Màmá ní kí wọ́n kùn ún ní pupa, àwọ̀ tí ojú òun ṣì ń rí dáadáa.

Nígbà tó gbọ́ iye tí iṣẹ́ náà máa gbà, ó bèèrè bóyá wúrà ni wọ́n fẹ́ fi kùn ún.

"Màmá, ọ̀dà tí ẹ máa rí yẹn ló kéré jù nínú rẹ̀," ni pẹ́ńtà dá a lóhùn. "Owó abẹ́ ló pọ̀. Ká bó o dé irin, ká gé ibi tó ti jẹrà, ká fi pọ́tì dí i, ká fi sáńpépà ha á kó jọ̀lọ̀, ká tó wá fín praimà, ọ̀dà ìpìlẹ̀, sí i. Ẹni tó bá ní òun á ṣe é ní pọ́ọ́kú, abẹ́ yẹn ló máa fò."

Màmá rẹ́rìn-ín. "Bí oyún gan-an ni. Ọjọ́ tọ́mọ dáyé ni gbogbo ayé ń rí. Ta ló ka oṣù mẹ́sàn-án sí?" Ó tú àpò rẹ̀, ó sanwó.

Lọ́jọ́ náà ni bàbá Àdàbà sọ fún un pé ọkàn òun balẹ̀ wàyí, pé nínú èrè iṣẹ́ yẹn ni owó ìdánwò àṣekágbá rẹ̀ máa ti jáde. Ọmọ náà gbá gbogbo ilẹ̀ ibi iṣẹ́ láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni rán an.

Wọ́n bó ọkọ̀ náà. Nígbà tí wọ́n bó o tán, ó dà bí ohun tí kò yẹ kí ojú rí. Wọ́n ti yọ iná iwájú rẹ̀, ihò méjì ló kù tó ń wo ẹni tó bá ń kọjá. Awọ funfun àtijọ́ wà nílẹ̀ yí i ká, ó ká kò bí awọ tí ejò bọ́ sílẹ̀. Bí atẹ́gùn bá fẹ́ wọ inú rẹ̀, á hu bí ẹni tó ń mí lójú oorun. Ẹ̀gbọ́n Àdàbà pàápàá, tí ẹnu rẹ̀ kì í dákẹ́, a máa rọra sọ̀rọ̀ bó bá wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

Òfin kan wà tí pẹ́ńtà kì í fi ṣeré. Bí wọ́n bá ti fi tínà, omi tí wọ́n fi ń po ọ̀dà, nu irin mọ́, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ fi ọwọ́ lásán kàn án títí praimà á fi gùn ún. "Iyọ̀ ló wà nínú òógùn ọmọ èèyàn," ni ó máa ń wí. "Irin kì í sì í gbàgbé iyọ̀."

Àdàbà ni wọ́n ní kó nu ilẹ̀kùn awakọ̀. Ó lóṣòó tì í, ó nù ún títí tó fi mọ́ fínnífínní. Òógùn ti kún inú ìbọ̀wọ́ rẹ̀, ó ń dún pọ̀ọ̀pọ̀. Ó bọ́ ọ̀kan láti da omi inú rẹ̀ nù. Bó ṣe dìde báyìí, òòyì kọ́ ọ, kó má baà ṣubú, ó na ọwọ́ gbá ilẹ̀kùn mú.

Ó yára yọ ọwọ́. Ojú ibẹ̀ tutù ní ìrí ọwọ́ rẹ̀, lẹ́yìn náà ó gbẹ, ó pòórá. Tínà inú agolo ti tán. Bó bá ní kí wọ́n fún òun ní òmíràn, wọ́n á bèèrè ìdí. Bó bá sọ ìdí, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ á fi òun ṣe yẹ̀yẹ́ dalẹ́. Bàbá rẹ̀ ti gbé ìbọn ọ̀dà lọ́wọ́.

"Ṣé ó mọ́?" ni bàbá náà bèèrè.

"Ó mọ́, Bàbá mi."

Ọ̀rọ̀ kékeré ni. Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Ní àárọ̀ tí ọwọ́ náà fara hàn, bàbá wọn ti jáde lọ ra iná ọkọ̀. Ẹ̀gbọ́n Àdàbà wo ọ̀nà, ó wo ilẹ̀kùn, ó wo àbúrò rẹ̀. Kò mọ̀ pé ọwọ́ àbúrò òun ni. Ohun tó mọ̀ ni pé bí Bàbá bá rí i, wọ́n á bó ilẹ̀kùn náà padà dé irin.

"Owó ta sì ni wọ́n máa fi ra ọ̀dà òmíràn?" ni ó wí. "Owó Màmá ti tán sórí iṣẹ́. Owó ìdánwò tìrẹ ló kù. Jẹ́ ká ha ojú ibẹ̀ díẹ̀, ká fín ọ̀dà sí i. Ta ló máa mọ̀?"

Àdàbà dákẹ́. Àwọn àgbà ní ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́. Sáńpépà ni ó mú.

Wọ́n ha òkè, wọn ò dé ìsàlẹ̀. Wọ́n fín in, ó dán, ó dára. Bàbá wọn dé, kò fura. Àfi Àdàbà nìkan ni kò lè gba ẹ̀gbẹ́ ilẹ̀kùn yẹn kọjá mọ́. Ó ń ṣe é bí ẹni pé bí òun bá yí ẹ̀yìn sí i, nǹkan á kàn án léjìká.

Òjò kò dá. Gbogbo afẹ́fẹ́ rin bí aṣọ tí a kò fún. Ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e ni Màmá Agbẹ̀bí wá wo ọkọ̀ rẹ̀. Nítorí ojú rẹ̀, ọwọ́ ló fi ń wò ó. Ó fi ọwọ́ pa bọ́nẹ́ẹ̀tì lára, ó pa òrùlé lára, ó ń mi orí pé iṣẹ́ dára. Ó dé ilẹ̀kùn awakọ̀. Ọwọ́ rẹ̀ dúró. Ó fi ìka tọ ìrí náà lọ́kọ̀ọ̀kan, bí ẹni ń ka ìka ọmọ tuntun.

Ohùn jẹ́jẹ́ ló fi sọ̀rọ̀. "Ó ti dé."

Pẹ́ńtà sáré wá. Ọwọ́ náà ti padà, ó ti yọ ju ti àkọ́kọ́ lọ. Màmá wá sọ ohun tí kò sọ fún wọn rí. Ọ̀sán ọjọ́ tí ọkọ òun kú, ó ti iṣẹ́ dé, ó sọ̀ kalẹ̀, ó pa ilẹ̀kùn dé, ó fi ọwọ́ ti ara ọkọ̀ bí ẹni tó rẹ̀, ó pe òun lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, ó ṣubú. Ó ní ibi tó di mú nìyí gan-an. Ó ní òun mọ̀ pé inú á bí i tí òun bá pa àwọ̀ funfun rẹ̀ rẹ́. Ó ní kí wọ́n má wulẹ̀ bá òun ṣe é mọ́, kí wọ́n gbé e fún àwọn tó ń gé irin tà.

Láti ọjọ́ náà ni àwọn ọmọ àdúgbò ti ń sáré bí wọ́n bá ń kọjá níwájú ibi iṣẹ́. Oníbàárà kan wá wa ọkọ̀ rẹ̀ lọ láìtíì parí. Pẹ́ńtà a kàn máa jókòó kọjú sí ilẹ̀kùn náà, á gbé ẹ̀rẹ̀kẹ́ lé ọwọ́.

Ní ọ̀sán kan tí òjò ń ṣẹ́, ó rán Àdàbà kó lọ dá kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ padà fún Màmá. Ọmọ náà bá ilẹ̀kùn ilé ní ṣíṣí sílẹ̀ gbayawu, òjò ń fẹ́ wọlé. Ẹsẹ̀ bàtà ọkùnrin kan wà lẹ́nu ọ̀nà, wọ́n ti nù ún mọ́, wọ́n kọjú rẹ̀ sí inú ilé. Àga kan wà ní fífà sẹ́yìn nídìí tábìlì. Màmá jókòó sí òdìkejì, ó kọjú sí ẹnu ọ̀nà. Ó ti gbẹ. Àwọn aládùúgbò ní tọ̀sán-tòru ni ilẹ̀kùn náà ń wà ní ṣíṣí, pé kò sùn mọ́.

"Wọlé," ni Màmá wí sí òjìji tó rí lẹ́nu ọ̀nà. "Ó ti pẹ́ tí mo ti ń retí rẹ. Ṣé ò ń bínú ni?"

Irun ara Àdàbà dìde. Ó kúnlẹ̀.

"Màmá, èmi ni. Ọmọ pẹ́ńtà." Ó na ọwọ́ síwájú. "Ọwọ́ mi ni, Màmá. Èmi ni mo fọwọ́ kan irin. Kì í ṣe Bàbá. Ọwọ́ mi ni."

Màmá na ọwọ́, ó wá ọwọ́ ọmọ náà rí, ó fi ìka tọ ìka rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan bó ṣe ṣe lára ilẹ̀kùn. Omi ń kán láti àtẹ́lẹwọ́ náà.

"Láti ìgbà wo lọwọ́ rẹ ti ń sunkún báyìí?" ni ó bèèrè.

"Láti kékeré, Màmá."

"Ìwọ kò sì sọ fún ẹnikẹ́ni." Ó mí kanlẹ̀. Omi bọ́ lójú òun náà, a kò mọ̀ bóyá ti ìtura ni tàbí ti àdánù, nítorí ẹni tó ti ń retí òkú rẹ̀ kó wọlé, ó ti tún sọ ọ́ nù lẹ́ẹ̀kejì. "Kì í ṣe òun, nígbà náà."

Ó dìde, ó gbé bàtà náà kúrò lẹ́nu ọ̀nà, ó sì ti ilẹ̀kùn.

Àwọn méjèèjì ni wọ́n jọ lọ sí ibi iṣẹ́. Àdàbà sọ ọ́ níwájú bàbá rẹ̀, ó sọ ti sáńpépà náà mọ́ ọn. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ gba ìdajì ẹ̀bi láìjẹ́ pé wọ́n bi í. Bàbá wọn kò jágbe. Ó mú ọwọ́ ọmọ rẹ̀, ó tẹ̀ ẹ́ lé ìrí tó wà lára ilẹ̀kùn. Ìka bá ìka mu, àtẹ́lẹwọ́ bá àtẹ́lẹwọ́. Bí Àdàbà tilẹ̀ mọ̀ pé tòun ni, ṣe ló dà bí ẹni pé ẹnìkan láti inú lọ́hùn-ún ń bọ òun lọ́wọ́.

"Ká ní o sọ lọ́jọ́ yẹn," ni bàbá náà wí, "omi, ọṣẹ àti tínà díẹ̀ ni ì bá ná wa."

Màmá ní kí wọ́n má tà á mọ́, wọ́n sì bó ilẹ̀kùn náà. Nígbà tí wọ́n dé irin, ọwọ́ náà ṣì wà níbẹ̀, pupa rúsúrúsú, ìdógùn-ún ti fi eyín gbẹ́ ẹ sínú irin. Àdàbà fúnra rẹ̀ ló ha á kúrò, aṣọ gbígbẹ tí Màmá ní kó máa fi wé ọwọ́ sì wà lábẹ́ ìbọ̀wọ́ rẹ̀. Owó ìdánwò ló ra ọ̀dà. Ní àárọ̀ tí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ wọ yàrá ìdánwò, sáńpépà ló wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ọdún tó ń bọ̀ ni tirẹ̀.

Lọ́jọ́ tí Màmá mú awakọ̀ kan wá láti gbé ọkọ̀ rẹ̀, ó pe Àdàbà sẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn awakọ̀. Ó ní kó bọ́ ìbọ̀wọ́, kó gbé ọwọ́ lé e. Ọmọ náà lọ́ra, ó sì gbé e lé e. Nígbà tó yọ ọwọ́, ìrí rẹ̀ wà lórí ọ̀dà bí èémí lára dígí. Wọ́n jọ dúró wò ó títí oòrùn fi nù ún kúrò, tí kò sì ku nǹkan kan.

Ẹ̀yin ọmọ tó ń ka ìtàn yìí, kò sí ọwọ́ tí kì í ṣèèṣì. Àṣìṣe tí a bá jẹ́wọ́ nígbà tí irin ṣì wà níhòòhò, díẹ̀ ló ń ná ni. Èyí tí a bá kùn lé lórí kì í kú. Abẹ́ ló ń dúró sí, tó ń mú ojú tì wá, tó sì lè di òkú tó ń rìn lójú aláìmọwọ́mẹsẹ̀.