Orúkọ Mummy Lórí Pátákó Mojeed

Ìjà ni èmi àti Mojeed fi bẹ̀rẹ̀. Mo lọ kó fíìmù sí fíláàṣì fún màmá mi ní ṣọ́ọ̀bù Mojeed ní Ìkòsí, mo bá pátákó kan lẹ́nu ọ̀nà. Ó ti fi ṣọ́ọ̀kì kọ orúkọ àwọn òṣèré tí yóò gba àmì-ẹ̀yẹ ọdún náà sí i, bẹ́ẹ̀ ó ṣì ku ọ̀sẹ̀ méjì kí wọ́n fún ẹnikẹ́ni.

"Ta ló sọ fún ẹ pé obìnrin yìí ló máa gbà á?" mo bi í. "Ẹkún lásán ló kàn ń sun kiri nínú fíìmù yẹn."

"Aunty, àwọn judge fẹ́ràn ẹkún," ó fèsì, kò tiẹ̀ gbójú wò mí. "Ẹ lọ wo èyí tí mo kó fún yín yìí. Tí ẹ̀yin náà ò bá sunkún, ẹ wá bú mi."

Mo sunkún. Obìnrin orí pátákó náà sì gba àmì-ẹ̀yẹ. Mo padà lọ bú u lóòótọ́, ṣùgbọ́n ẹ̀rín ni mo ń rín.

Láti ọjọ́ náà, bí mo bá ti ibi iṣẹ́ dé láti Gbàgádà, mo máa ń yà sọ́dọ̀ rẹ̀. Yóò ní kí n wo fíìmù kan, èmi náà yóò ní kó gbọ́ orin kan, a ó wá jókòó sórí àga onírọ́bà, a ó máa jiyàn.

"Olólùfẹ́ mi, etí ẹ ò mọ orin rárá," màá ní.

"Fadékẹ́ mi, ojú tìẹ náà ò mọ fíìmù," òun náà yóò ní.

Ohun tí mo fẹ́ràn jù lára rẹ̀ ni pé kì í purọ́. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan ṣe fíìmù, ó sọ fún un lójúkojú pé kò dáa. Ìdí nìyẹn tí gbogbo èèyàn fi gba pátákó yẹn gbọ́. Àwọn aláta láti Mile 12 ń yà kà á, àwọn ará Magodo ń sọ gíláàsì mọ́tò kalẹ̀ kà á. Ọdún mẹ́rin gbáko, kò tàsé.

Òṣèré ni màmá mi. Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ló ti ń ṣe ìyá ọkọ, aládùúgbò olófòófó, àti òkú tí wọ́n tẹ́ sí pálọ̀. Lọ́dún tó kọjá, orúkọ rẹ̀ wọ àárín àwọn márùn-ún tí wọ́n yàn fún àmì-ẹ̀yẹ òṣèrébìnrin tó gbe olú ẹ̀dá ìtàn lẹ́yìn jù, ìyẹn Best Supporting Actress. Ọ̀sẹ̀ kejì ọjọ́ ìfúnni náà gan-an ni ẹbí Mojeed fẹ́ ti Ìsẹ́yìn wá ṣe mọ̀-mí-n-mọ̀-ọ́ nílé wa.

Aunty Adédiwúrà, àbúrò màmá mi, kò fẹ́ ẹ rárá. "Ọmọ onílẹ̀ Ìkòsí ló máa lọ fẹ́ ẹni tó ń kó fíìmù sí fíláàṣì? Mùsùlùmí tún ni!"

Mummy nìkan ló ń gbè wá. "Ẹ fi ọmọ mi sílẹ̀ jàre. Ọmọkùnrin yẹn mọyì iṣẹ́ wa."

Lọ́jọ́ tí Mojeed fẹ́ kọ pátákó, mo sáré lọ bá a. Ó ti ń kọ orúkọ obìnrin mìíràn.

"Mojeed, nu ún. Orúkọ Mummy ni kó o kọ."

"Fadékẹ́, Mummy ò ní gbà á. Wọ́n ṣe dáadáa o, àmọ́ ìṣẹ́jú mẹ́fà péré ni wọ́n fi hàn. Jẹ́ kí n fi àyè yẹn sílẹ̀ lófìfo."

"Tó o bá fi sílẹ̀, gbogbo Ketu á mọ ìdí. Jọ̀ọ́. Tó o bá fẹ́ràn mi."

Ó nu ún, ó kọ Àrìnkẹ́ Ṣóbọ̀wálé síbẹ̀. Wọ́n ní òtítọ́ dọ́jà ó kùtà, owó lọ́wọ́ là ń ra èké. Èmi, ìfẹ́ ni mo fi ra tèmi, inú mi sì ń dùn bí ọmọ tí wọ́n ra bàtà ọdún fún. Ẹ ò rí i bí mo ṣe gọ̀ tó.

Mi ò mọ̀ pé Mummy á gbà á gbọ́ tó bẹ́ẹ̀. Ó rán léèsì tuntun. Ó kọ ọ̀rọ̀ ìdúpẹ́ sínú ìwé, ó ń há a sórí nídìí ìkòkò ọbẹ̀.

"Tó bá jẹ́ ẹlòmíì ló sọ ọ́, mi ò ní gbà," ló ń sọ. "Àmọ́ Mojeed kì í purọ́."

Lọ́sàn-án Sátidé, nínú gbọ̀ngàn, atọ́kùn ètò ní, "Ẹni tó gbà á ni..." Mummy ti dìde. Orúkọ tí wọ́n pè kì í ṣe tirẹ̀, ṣùgbọ́n ó ti ń rìn lọ, ó ń juwọ́ sí èèyàn, àfìgbà tó dé ìdí àtẹ̀gùn orí ìtàgé. Kámẹ́rà ò kúrò lójú rẹ̀. Kí a tó dé Ketu, fídíò náà ti wà lórí fóònù gbogbo ayé, wọ́n tiẹ̀ ti fi orin sí i.

Lọ́jọ́ kejì, Mojeed wá bẹ̀ ẹ́. Ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja ní pálọ̀ wa.

"Ìwọ tí o kì í purọ́," Mummy ní, "kí ló dé tó jẹ́ èmi lo máa kọ́kọ́ pa á fún? Ṣé kí n lè fún ẹ lọ́mọ ni?"

"Mo sọ!" Aunty Adédiwúrà pàtẹ́wọ́. "Ìpọ́nni ló fi ń wá ìyàwó!"

Mojeed gbórí sókè, ó wo èmi nìkan. Gbólóhùn kan péré ló yẹ kí n sọ: èmi ni mo ní kó kọ ọ́. Ẹ̀rù Mummy bà mí, mo ń wo ilẹ̀.

"Ẹ má bínú, mà," Mojeed ní. "Ẹ̀bi mi ni."

Mummy ní kò gbọ́dọ̀ kó ẹbí kankan wá mọ́.

Lọ́jọ́ Wednesday, mo lọ bá a ní ṣọ́ọ̀bù. "Olówó orí mi, jẹ́ kí ara wọn balẹ̀ ná. Màá sọ fún wọn."

"Sunday ló yẹ kó o sọ ọ́." Kò tiẹ̀ gbóhùn sókè. "Èébú Mummy ò dùn mí tó bẹ́ẹ̀. Ìwọ ni mò ń retí. Mo wò ẹ́, mo retí ẹ títí, ilẹ̀ lò ń wò. Tí wàhálà míì bá dé lẹ́yìn tá a bá ti fẹ́ra ńkọ́?"

Oníbàárà kan wọlé, Mojeed yíjú sí i.

Oṣù méje ti kọjá báyìí. Fídíò tó dójú ti Mummy náà ló wá sọ ọ́ di olókìkí. Àwọn tó ń ṣe fíìmù ń wá a kiri, òun gan-an ni olú ẹ̀dá ìtàn nínú èyí tí wọ́n ń yà lọ́wọ́. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, a jọ ń bó ẹ̀gúsí, ló bá bú sẹ́rìn-ín.

"Fadékẹ́, ọmọ yẹn ṣe mí lóore láìmọ̀ o. Pè é. Kó kó àwọn èèyàn ẹ̀ wá."

"Ó ti gbéyàwó, Mummy. Lóṣù tó kọjá, ní Ìsẹ́yìn."

Ọwọ́ rẹ̀ dúró. Mo wá sọ ọ́ nígbà náà. "Èmi ni mo ní kó kọ orúkọ yín. Ó kọ̀, mo fi dandan mú un."

"Kí ló dé tí o ò sọ ọ́ lọ́jọ́ yẹn?"

"Ẹ̀rù yín ló bà mí, mà."

Mummy wò mí, omi lé ròrò sí i lójú. "Ẹ̀rù mi? Ọjọ́ mélòó ni ǹ bá fi bínú sí ẹ, Fadékẹ́? Ọjọ́ méjì? Ọjọ́ mẹ́ta?"