Ewé Tó Dí Géètì

Ẹni tó bá fẹ́ pè mí ní òpùrọ́, kó pè mí. Ojú mi ló ṣe, nínú ọgbà wa ní Ìjẹ̀bú-Òde, oòrùn sì ti yọ.

Ìgbà ọyẹ́ ni. Igi fúrúùtù tó wà lẹ́bàá géètì ti wọ́wé tán, gbogbo ilẹ̀ pupa. Màmá mi nìkan ló wà nílé ní Ìmùṣin, mímí ti ń ṣòro fún wọn láti òru. Àwa la fẹ́ lọ gbé wọn lọ sọ́sípítù. Inú ni géètì wa ń ṣí sí, ewé sì ti dí i.

Mo mú ìgbálẹ̀. Theophilus, ọkọ mi, mú réèkì onírin rẹ̀ tuntun.

"Mọ́ṣádé, fi ìyẹn sílẹ̀," ó ní. "Ṣé ọjọ́ Àjíǹde lo fẹ́ ká tó dé ọ̀dọ̀ Màmá ni?"

"Dádì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ máa wọ́ ewé yín."

Ó wọ́ ọ. Mo gbá a. Ilẹ̀ mọ́ tónítóní. Mo fa géètì, kò ṣí. Mo wolẹ̀. Ewé ti dé orúnkún mi.

Afẹ́fẹ́ ò fẹ́. Igi náà ò sì ní ewé kan lórí mọ́.

"Mú ṣọ́bìrì wá," Theophilus ní. Ohùn rẹ̀ ti yí padà. A kó o dà sẹ́yìn ilé. Ká tó padà dé, ó ti dé àyà géètì. Fẹ́ǹsì wa ga, ìgò fífọ́ ló wà lórí rẹ̀. Mo pe Ràsákì, aládùúgbò wa, títí ohùn mi fi há. Kò sẹ́ni tó dáhùn. Adìẹ pàápàá ò ké. Ká má parọ́, ẹkún ń gbọ̀n mí.

Fóònù mi dún. Màmá mi ni.

"Mọ́ṣádé, o ṣeun o. Bó ti wù kí àìsàn mi le tó, o ò ní ṣàì gbálẹ̀ kó o tó wọlé."

Lóòótọ́, bí mo ṣe máa ń ṣe nìyẹn. Ọmọ tí wọ́n kọ́ kì í tẹ ìdọ̀tí kọjá wọlé ìyá rẹ̀.

"Màmá, a ò tíì kúrò nílé."

Wọ́n rẹ́rìn-ín. "O tún dé! Mo ń gbọ́ ọ níta. Kí lo fi ń gbá a? Ó ń dún bí irin."

Mo wo ọkọ mi. Réèkì wà lọ́wọ́ rẹ̀. Kò fi wọ́ nǹkan kan.

Èmi náà wá gbọ́ ọ nínú fóònù. Ṣàrà. Ṣàrà. Ó dákẹ́. Nǹkan kanlẹ̀kùn.

"Màmá, ẹ má ṣí i! Mo fi Ọlọ́run bẹ̀ yín!"

"Irú ọmọ wo nìyí? Ìwọ lò ń kanlẹ̀kùn, ìwọ náà lò ń ní kí n má ṣí i?"

Theophilus ju réèkì nù, ó ń fi ọwọ́ lásán wa ewé. Mo ń pariwo. Mo gbọ́ tí kọ́kọ́rọ́ yí. Mo gbọ́ tí ilẹ̀kùn ṣí.

Mo sì gbọ́ ohùn ara mi, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, lẹ́nu ọ̀nà Màmá:

"Ẹ káàárọ̀, mà."