Garawa Lítà Mẹ́wàá

"Èmi àgbà, garawa ọmọdé!"

Adúmáadán ò sọ ọ́ síta, inú ló ti ń bínú. Nínú yàrá tó wà lẹ́yìn ilé ìdáná, níbi tí ìyá rẹ̀ ti ń pọn bíà, Abẹ́rẹ́, àbúrò rẹ̀ tínínrín, ni ìyá gbé garawa lítà ọgbọ̀n fún. Lítà mẹ́wàá péré ni tirẹ̀. Bẹ́ẹ̀, ọ̀gá ilé oúnjẹ tó ń ra bíà lọ́wọ́ wọn ti ṣèlérí pé ẹni tí tirẹ̀ bá dùn jù lòun máa mú kọ́ṣẹ́ nígbà ìsinmi. Ó pẹ́ tí iṣẹ́ náà ti ń wu Adúmáadán.

"Ẹ gbọ́ o," ìyá wí, bó ṣe ń da omi ọkà tó ti sè tó sì ti tutù láti inú ìkòkò ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ sínú garawa méjèèjì. "Mo fi àyè sílẹ̀ lókè, kí ìfófòó má bàa gbé ìdérí fò. Àmọ́ tí àyè bá pọ̀ jù, atẹ́gùn á ba bíà jẹ́. Kẹ́nikẹ́ni má ṣí i títí màá fi dé."

Ìyá àgbà ń ṣàìsàn, ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni ìyá ń lọ fún ọ̀sẹ̀ méjì.

Lọ́jọ́ kẹjọ, tí bíà ti dákẹ́ híhó, Abẹ́rẹ́ na ìdérí tirẹ̀ pẹ́pẹ́. "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ wo tèmi! Tiyín ò ju ife tíì lọ."

Àwàdà lásán ni, àmọ́ ó gún Adúmáadán dé egungun. Bí Abẹ́rẹ́ ṣe jáde, ó gbé garawa ńlá kan tó ṣófo, ó sì da bíà tirẹ̀ sínú rẹ̀ gbuu. Ìsàlẹ̀ lásán ló dé, ṣùgbọ́n tí wọ́n bá dé e, ta ló máa mọ̀?

Lọ́jọ́ tí ìyá dé ni ọ̀gá náà wá. Ó tọ́ ti Abẹ́rẹ́ wò, ó mi orí pé ó dára. Wọ́n ṣí ti Adúmáadán. Òórùn kíkan gba gbogbo yàrá, ọ̀gá sì sáré tutọ́ sí síǹkì.

"Àbúrò yìí ni màá mú," ó wí, ó sì bá tirẹ̀ lọ.

Ìyá wo inú garawa. "Ta ló yí i padà?"

Adúmáadán kúnlẹ̀. "Èmi ni, màámi. Mo rò pé Abẹ́rẹ́ lẹ fẹ́ràn jù."

Ìyá jókòó. "Ọkà dúdú tí ọ̀gá yẹn fẹ́ràn jù, èyí tó kù nínú àpò ò lè ṣe ju lítà mẹ́jọ lọ. Ìwọ ni mo fún, torí mo mọ bí iṣẹ́ yẹn ṣe ń wù ọ́. Garawa tó bá a mu ni mo wá. Ṣé o ò mọ̀ pé bí a gúnyán nínú ewé, tí a sebẹ̀ nínú èèpo ẹ̀pà, ẹni máa yó á yó?"

Láàárọ̀ ọjọ́ tí Abẹ́rẹ́ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ló bá a so épírọ́ọ̀nù mọ́ ìdí. Lẹ́yìn náà ló lọ fọ garawa kékeré náà, tomijé tomijé. Ó ti wá yé e pé ẹni tó bá tẹjú mọ́ ohun tí wọ́n fún ẹlòmíì ò ní mọ iyì èyí tí wọ́n gbé lé òun lọ́wọ́, títí yóò fi fọwọ́ ara rẹ̀ bà á jẹ́.