Ìlà Keje

Lẹ́tà tí wọn yóò fi lé Màmá Láyí kúrò lẹ́nu iṣẹ́ ti wà lórí tábìlì ọ̀gá ilé-ìwé, Ìyáàfin Adéróunmú. Ó kù kó fọwọ́ sí i. Kọ̀ǹpútà mẹ́ta ló bàjẹ́ lọ́jọ́ kan ṣoṣo, Màmá Láyí ló sì ń fọ ilẹ̀ yàrá kọ̀ǹpútà. Gbogbo ènìyàn gbà pé omi rẹ̀ ló bà wọ́n jẹ́.

Ọ̀gbẹ́ni Ayẹni, olùkọ́ kọ̀ǹpútà, bẹ̀bẹ̀ pé kí wọ́n dúró di aago méjì ọ̀sán, kí ẹgbẹ́ kọ̀ǹpútà yẹ ọ̀rọ̀ náà wò. Islamiat Àyàntúndé, akẹ́kọ̀ọ́ ọlọ́dún mẹ́rìndínlógún tó wà nínú ẹgbẹ́ náà, jókòó sídìí ọ̀kan nínú àwọn kọ̀ǹpútà tó kù ní yàrá kọ̀ǹpútà ilé-ìwé wọn ní Bódìjà. Ọmọ́níyì, ọ̀rẹ́ rẹ̀, jókòó tì í.

Wọ́n ṣí sọ́fítíwia, ètò orí kọ̀ǹpútà, tí olùkọ́ wọn ti kọ́ wọn láti lò. Ọ̀fẹ́ ni. Àwọn tó ṣe é kò fi inú rẹ̀ pamọ́. Ẹni tó bá fẹ́ lè wo bó ṣe ń ṣiṣẹ́, kó sì tún un ṣe. Wọ́n á kọ gbogbo ohun tó lè fa ìṣòro sókè àtẹ kan nínú rẹ̀, wọ́n á kọ ẹ̀rí kọ̀ọ̀kan sórí ìlà tirẹ̀, wọ́n á wá sàmì sí ohun tí ẹ̀rí náà takò. Ohun tí ẹ̀rí kò bá takò ni yóò kù. Ọ̀gbẹ́ni Ayẹni máa ń sọ pé ẹni tó ń wá kìkì ohun tó gbè é lẹ́yìn kò ní ṣàìrí i.

Ohun mẹ́ta ni wọ́n kọ sókè: omi, òjò, àti iná tó lágbára jù. Òjò kò rọ̀ lọ́sẹ̀ náà. Nǹkan kan ò ṣe fáànù àti àwọn kọ̀ǹpútà yòókù, nítorí náà kì í ṣe iná. Nígbà tí wọ́n kọ ìlà kẹfà tán, omi nìkan ló kù.

Ọmọ́níyì ní kí àwọn tẹ̀ ẹ́ jáde. Islamiat rántí Ọjọ́rú, ọjọ́ tí àwọn kọ̀ǹpútà náà bàjẹ́. Òun àti Ọmọ́níyì fẹ́ lọ aṣọ tí wọn yóò wọ̀ lọ síbi ìdíje kọ̀ǹpútà ní Ring Road. Òun ló ki wáyà áyọ́ọ̀nù bọ UPS, àpótí tó ń gbé iná pamọ́ fún kọ̀ǹpútà. Òórùn jíjó jáde. Wọ́n yọ ọ́, wọ́n ti ilẹ̀kùn, wọ́n lọ.

"Ìlà kan kù," ni ó wí.

"Ṣé orí ẹ pé báyìí?" Ọmọ́níyì rẹ ohùn sílẹ̀. "Wọ́n á yọ wá nínú ìdíje. Àtẹ ti dájọ́."

"Àtẹ ò mọ ohun tá ò sọ fún un."

"Màmá Láyí á ríṣẹ́ míì ní Ṣàngó."

"Ìka tó ṣẹ̀ lọba ń gé, Ọmọ́níyì."

Ó kọ áyọ́ọ̀nù sókè àtẹ. Ó kọ ìlà keje: *Èmi Islamiat ki áyọ́ọ̀nù bọ UPS lọ́jọ́ Ọjọ́rú.* Ó wá wo kọ̀ǹpútà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. UPS kan náà ni gbogbo wọn so mọ́. Nígbà tó bi Màmá Láyí léèrè, ìyá náà ní ọdún mọ́kànlá ni òun ti ń fi àkísà tí òun fún gbẹ nu ilẹ̀ yàrá náà, òun kò da omi síbẹ̀ rí. Kò sẹ́ni tó ti bi í tẹ́lẹ̀.

Islamiat tẹ àtẹ náà jáde, ó gbé e lọ fún ọ̀gá. Kò tíì jókòó tí Ọmọ́níyì fi wọlé, ó ní òun ló di aṣọ náà mú.

Wọ́n tú UPS, inú rẹ̀ dúdú bí èédú; iná tí áyọ́ọ̀nù fà ti pọ̀ jù fún un. Ìyáàfin Adéróunmú fa lẹ́tà ya. Ó yọ àwọn ọ̀rẹ́ méjèèjì nínú ìdíje, ó sì ní kí wọ́n máa bá Màmá Láyí nu yàrá náà títí táàmù yóò fi parí. Lọ́jọ́ Ajé, ó ka àtẹ náà láti ìlà kìíní dé èyí tó kẹ́yìn níwájú gbogbo ilé-ìwé.

"Mo ti fìyà tó tọ́ sí wọn jẹ wọ́n," ni ó wí. "Ẹ pàtẹ́wọ́ fún wọn báyìí."

Àtẹ́wọ́ náà pẹ́. Islamiat kò tẹrí ba.

Ẹ̀rọ lè bá wa to èrò wa lẹ́sẹẹsẹ, ṣùgbọ́n kò lè ka ẹ̀rí tí a fi pamọ́. Ẹni tó bá fẹ́ ronú bó ti yẹ, ẹ̀rí tó dá a lẹ́bi ni kó kọ́kọ́ kọ sílẹ̀.